Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Ìtọ́jú

"Orúkọ rẹ ni mo ní kí o sọ! Ṣé eyín ló ń dùn ọ́ ni, àbí etí lo di?"

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé tí Adéṣínà, akọ̀wé ilé ìwòsàn, máa bi Àràmọ́tù. Àràmọ́tù fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú bọ̀lọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí nǹkan kan ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá ju ẹ̀kọ mímu lọ. Dókítà eyín sì ti búra pé òun ò ní fọwọ́ kan eyín náà àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ òwú tí Ṣítù ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ló ń sanwó fọ́tò, ṣùgbọ́n ìyàwó kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú ìwé ìtọ́jú: Sìdíkátù, ìyálé. Ni Ṣítù bá lọ yọ ìwé náà nínú àpótí ìyálé láàárọ̀, kò sọ fún un, ó tì í bọ Àràmọ́tù lọ́wọ́.

"Ìwọ ni Sìdíkátù lónìí. Bí wọ́n bá fura, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn."

Ọkùnrin! Ó rò pé irọ́ ló ṣòro. Láti ọdún mẹ́fà tí Àràmọ́tù ti wọlé rẹ̀ ní Títírú, orúkọ ìyálé ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, ì báà ṣe lójú àlá. Ìyàwó wo ló ń gbójú gbóyà pe ìyálé rẹ̀ lórúkọ?

"Ìyá Yésúfù," ló fi dáhùn, bó ṣe máa ń pe ìyálé nílé.

"Ṣé Ìyá Yésúfù ni bàbá rẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Mùsíè, ẹ jọ̀ọ́, ó wà nínú ìwé yẹn. Ẹ kà á."

"Mo ti kà á. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Àná lẹnìkan gbé ìwé àbúrò rẹ̀ wá tàn mí níbí. Orúkọ, àbí kí n pe ẹ̀ṣọ́?"

Àràmọ́tù wo ẹnu ọ̀nà. Kò lè sá: ìwé ìyálé wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Eyín náà tún ta á dé àtàrí. Ó di ojú méjèèjì.

"Sìdíkátù!"

Ó ti pariwo jù.

"Ta nìyẹn?" ohùn obìnrin kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó la ojú. Ìyálé ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà Arzèkè, ó ń wá ìwé rẹ̀ tí kò bá nínú àpótí bọ̀ nílé ìwòsàn.

"Àràmọ́tù! Èmi lò ń pè ní Sìdíkátù?"