Orin Àdágbé Tí Ogún Èèyàn Ń Gbè

Kò sẹ́ni tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ bíi tèmi Adédayọ̀ ní gbogbo Atlanta. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain, òkè àpáta ìlú yẹn fúnra ẹ̀ mirí. Ìdí nìyẹn tí Uncle Oyèkànmí fi pè mí sí garage wọn ní Loganville.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ìyàwó wọn ti kú. Aunty Mosúnmọ́lá, nọ́ọ̀sì kan tóun náà jẹ́ opó, ni ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́nu sọ ọ́.

"Bá mi to orin yìí, màá kọ ọ́ níbi thanksgiving mi ní Sunday. Mosún ń kó lọ Houston. Bí ò bá yé e lọ́jọ́ yẹn, ó parí nìyẹn."

Orin àtijọ́ ni, gbogbo bàbá ló mọ̀ ọ́n. Gìtá kan, ohùn kan, ọkùnrin kan tó ń bèèrè pé, "Ta ló wà nílé?" tẹ́nì kankan ò dá a lóhùn.

Gìtá kan ṣoṣo? Àánú orin náà ṣe mí. Mo fi trumpet mẹ́rin sí i, mo fi ìlù tó lè jí gbogbo òkú Georgia sí i, mo wá kó ogún agberin wá, Ṣìkẹ́mi ṣaájú wọn.

Nígbà tó di Saturday, a dán an wò ní garage. Uncle fohùn tútù bèèrè, "Ta ló wà nílé?"

Ogún èèyàn bú jáde: "Àwa rèé! Gbogbo wa la wà ńlé!"

Alárìímù mọ́tò mẹ́tàdínlógún bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní àdúgbò. Aunty Mosún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé tó yà wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn garage mú.

"Uncle Oyè, ilé yín kún báyìí, ẹ tún ń sunkún àdágbé? Ẹ jẹ́ n lọ di ẹrù mi jàre."

Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Uncle wò mí. "Dayọ̀, o ti pa mí."

"Uncle, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó lè ba orin jẹ́ tó mi ò sí. Ẹni tó lè tún un ṣe tó mi náà ò sí."

Ní Sunday, mo kìlọ̀ fún Ṣìkẹ́mi: "Ẹni tó bá yanu nínú yín, òun ló máa dá kọ orin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi tẹ kíbọ́ọ̀dù.

"Ta ló wà nílé?"

Mo gbọ́wọ́ kúrò. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹ sì mọ̀ wá: tẹ́nì kan bá lé orin tá ò gbè é, ọ̀fun á máa yún wa. Ẹnu pásítọ̀ ń gbọ̀n. Ṣìkẹ́mi ti tẹyín bọ ìwé orin.

Uncle tún bèèrè. Òógùn bò wọ́n. Wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn já.

Aunty Mosún dìde láàárín èrò.

"Ṣé ẹ ẹ̀ ní dá a lóhùn ni? Ó dáa. Èmi ni mo wà ńlé, Oyèkànmí."

Kò pe "Uncle" o! Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ. Uncle gbàgbé ẹsẹ mẹ́ta tó kù; mo yáa tú trumpet mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀.

Houston ṣì ń retí ẹrù títí di òní. Ọwọ́ òsì mi nìkan ló sì ṣe gbogbo ẹ̀. Tọ̀tún ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.