Mọ́kànlélógójì Nínú Ilé Kan

"Mọ́kànlélógójì ni wá nínú ilé yìí, ká má tíì ka àwọn tó wà nínú ikùn. Bí gbogbo wa bá sín lẹ́ẹ̀kan náà, òrùlé á gbéra, á lọ bà sórí ilé aládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ gbé e wálé lọ́sẹ̀ yìí."

Bàbá Káfíńtà ló ń sọ̀rọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni fẹ́ fi àyà dí odò. Obìnrin tí ìjọba rán láti ka èèyàn kò rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀, ilé mẹ́sàn-án ló ti wọ̀ ládùúgbò ẹ̀yìn ìlú yìí, ilé tí wọ́n kọ́ fún bàbá, ìyá àti ọmọ rẹpẹtẹ. Ohun tó bá níbẹ̀ yàtọ̀: opó méjì tó kó ẹrù wọn pọ̀ sójú kan, bàbá tó ń dá di irun fún ọmọbìnrin rẹ̀, tọkọtaya tó jẹ́ pé ológbò ni wọ́n ń pè lọ́mọ. Òun alára, òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ni, látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ.

Ó mọ ìdí irọ́ náà. Òfin tuntun ní ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó sì ń dá gbé, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n á kó o lọ. Bàbá ti pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gbogbo fèrèsé ilé yẹn.

Ó ní kí bàbá pe àwọn ará ilé wá. Bàbá ní ojú ń tì wọ́n, ìdílé àwọn ni ìtìjú ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n wọ́n á kí i láti inú yàrá. Ló bá wọlé, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà dí.

Kò pẹ́, àbúrò bàbá wúkọ́, ó ní ẹ káàbọ̀. Ọmọ kékeré kan ké pé òun fẹ́ mu omi. Ìyàwó ilé kan bá a wí. Ọ̀fun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń jáde. Ẹ̀rín fẹ́ pa obìnrin náà, àfi ìgbà tí ohùn ìyá àgbà kan jáde, tó tutù bí omi òwúrọ̀:

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹun?"

Bàbá dáhùn jẹ́ẹ́, lóhùn ara rẹ̀, pé òun ti jẹ díẹ̀.

Bíírò dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. Kò sí àwàdà nínú èyí. Ṣùgbọ́n mọ́kànlélógójì kò lè gba iwájú ọ̀gá rẹ̀ kọjá, bí irọ́ bá sì lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn méjì kí mi pa pọ̀."

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ó gbé ìyókù mì. Fèrèsé dún gbàà. Nígbà tí obìnrin náà máa fi ká aṣọ ẹnu ọ̀nà, ibùsùn kan àti ìrọ̀rí méjì ló kù nínú yàrá. Bàbá Káfíńtà ti bọ́ sójú títì, ìborùn ìyàwó rẹ̀ lórí, ó fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó fo gọ́tà, ó fo odi. Ajá tó gbá tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà kò pè é padà. Ó wo ìrọ̀rí kejì. Ó mọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n ọ́n ni, kò sì sí àmì pé orí kankan sùn lé e. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó kọ méjì sílẹ̀ níbi iye ará ilé. Nígbà tó gbójú sókè wo ojú fèrèsé, ìborùn náà ti ń yí kọ̀rọ̀ lọ, ó ṣì ń sáré.