Ògbufọ̀ Ilé Fàájì

"Ó pè mí ní olè! Lójú gbogbo yín báyìí, òyìnbó yìí pè mí ní olè!"

Fàsásì, ọlọ́kọ̀ èrò tó wá láti Èkó, ti di òyìnbó Faransé náà ní kọ́là mú. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti di ẹ̀ṣẹ́ lókè. Oníṣòwò ará Kùtọnù ni òyìnbó ọ̀hún. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó ń sọ èdè rẹ̀ ní kíákíá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ tí wọ́n gbé sí àárín gbọ̀ngàn ṣì ń yí lọ ní tiẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wò ó mọ́.

Gbọ́lágadé fa ìyàwó rẹ̀, Dosi, sẹ́yìn. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tí ń la títì ni Gbọ́lágadé, Ìjanìkin sì ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun náà yóò mú ìyàwó òun lọ gba atẹ́gùn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Wọ́n fi Bọ́ládé ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Gbọ́lágadé, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, wọ́n sọdá ọ̀sà lọ sí Ilé Fàájì tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sagbo kọ́ sétí òkun.

Ká má purọ́, ibẹ̀ dára. Láti Òjó títí dé ẹnubodè Faransé, kò sí irú rẹ̀. Ilé funfun ni, wọ́n kọ́ ọ sábẹ́ igi àgbọn, fàráǹdà rẹ̀ yí i ká, ìró òkun kì í sì í dákẹ́ níbẹ̀. Giramafóònù ń kọrin, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, àwòrán Ọbabìnrin ìlú òyìnbó ń wo gbogbo wọn láti ara ògiri. Ohun tó ya Gbọ́lágadé lẹ́nu jù ni pé dúdú àti funfun ń jókòó sí tábìlì kan náà. Níbi iṣẹ́ tirẹ̀, àga òyìnbó kò jẹ́ gba dúdú. Òjò ọ̀sán ló lé gbogbo èèyàn wọlé láti etí òkun ní ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ni ìjà ti bẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi," Dosi wí.

Gbọ́lágadé di etí ìró rẹ̀ mú. "Ìyá Bọ́ládé, níbo lò ń lọ? Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn."

"Wọn ò gbọ́ ara wọn yé ni, Bàbá Bọ́ládé."

Ó já ìró rẹ̀ gbà, ó kọjá láàárín èrò, ó dúró níwájú òyìnbó náà, ó sì la ẹnu. Èdè Faransé ló ń jáde, ó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Òyìnbó náà wò ó bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ ṣe ń wo ẹni tó na ọ̀pá sí i. Ó sọ̀rọ̀, Dosi dáhùn, ó tún sọ̀rọ̀. Lójijì ni Dosi fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Fàsásì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì í. Kò pè yín ní olè. Kọfí ló ń bèèrè."

"Kọfí kẹ̀?"

"Kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí. Bí àwọn Faransé ṣe ń pe mílíìkì tiwọn nìyẹn, 'ó lè, ó lè'. Ẹni tó ń gbé kọfí ló ń ké sí látàárọ̀, tí ìyẹn ò dá a lóhùn. Òun náà ní kí n bi yín léèrè, kí ni òun ṣe tí ẹ fi fẹ́ pa òun nítorí ife kọfí?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹ̀ṣẹ́ Fàsásì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo òyìnbó, ó wo Dosi, ni ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ilé sì bá a rín in. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún kọ́là òyìnbó náà ṣe.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Èmi ni màá ra kọfí yẹn fún un. Kí wọ́n da olè sí i kó pọ̀ dáadáa!"

Àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn, Dosi wà láàárín, ó ń gbọ́ tibí, ó ń sọ ọ́ fún tọ̀hún, títí òjò fi dá.

Gbọ́lágadé dúró ti ògiri, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò. Ní Ìjanìkin, bí Dosi bá sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé a máa sín ahọ́n Ègùn rẹ̀ jẹ, ìyá Gbọ́lágadé gan-an ló máa ń ṣáájú wọn. Nígbà tó pẹ́, orí ló kù tó ń mì láti fi dáhùn. Ṣé òun náà ni obìnrin tó na ọrùn gbọọrọ láàárín àwọn èèyàn pàtàkì yìí? Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á.

Sagbo tó ni ilé wá bá wọn. Àgbà Ègùn ni, irun rẹ̀ ti funfun. Ó kọ́kọ́ kí Dosi ní èdè wọn, "Awanu, awanu," ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọkọ.

"Ọ̀gbẹ́ni, irú èèyàn báyìí lẹ gbé pamọ́ sí Ìjanìkin? Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ògbufọ̀ síbí. Ẹ jẹ́ kó máa wá bá mi ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Màá fún un ní yàrá, kó máa mú ọmọ rẹ̀ dání."

"A máa rò ó, sà," ni Gbọ́lágadé fi dáhùn.

Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, ó jókòó sétí ibùsùn. "Níbo lo ti gbọ́ Faransé?"

"Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Àjàṣẹ́ tó wà lábẹ́ Faransé ni mo dàgbà sí. Àwọn ìyàwó òyìnbó là ń ránṣọ fún."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Gbọ́lágadé ṣí fìlà lórí. "Ilé tẹ́tẹ́ ni ibí yìí, Dosi. Kí ni wọ́n máa sọ nílé? Kí ni ìyá mi máa wí?"

"Wọ́n á wí tiwọn. Ìgbà wo ni wọn ò wí?" Dosi wò ó lójú. "Mi ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ yìí wù mí. Mo la ẹnu lónìí, àwọn èèyàn sì dákẹ́ láti gbọ́ mi. Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wù mí."

Gbọ́lágadé bọ́ sí fàráǹdà. Ìràwọ̀ ò tíì yọ, òkun ń ru, ó ń rọlẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ parí. Dosi yóò di ẹrù rẹ̀, yóò padà sílé lọ máa mi orí. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Sagbo ti ń dúró dè wọ́n létí ọ̀sà. "Kí ni kí n gbọ́, Ọ̀gbẹ́ni?"

Dosi sorí kodò, ó ń retí ọkọ rẹ̀.

"Òun ni kẹ́ ẹ bi, sà," Gbọ́lágadé wí. "Òun lẹ fẹ́ gbà síṣẹ́."

Dosi gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló dá Sagbo lóhùn ní èdè Ègùn. Gbọ́lágadé kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n eyín Sagbo tó yọ síta ti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ọkọ̀ ṣí. Wọ́n ti dé agbedeméjì ọ̀sà kí Dosi tó sọ̀rọ̀. "Ìyá ńkọ́?"

"Ìyá mi ni, èmi ni màá bá a sọ̀rọ̀."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè Dosi. Gbọ́lágadé wú ikọ́ díẹ̀, ó ń wo omi.

"Bí mo bá wá wò ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, báwo ni wọ́n ṣe ń kí àwọn òyìnbó yẹn?"

"Bọ́njúù ni, bó bá jẹ́ ojúmọmọ."

"Bọ́n... kí ni?"

Dosi sún mọ́ ọn lórí pákó ọkọ̀, ó tún un pè fún un, díẹ̀díẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń pè é tẹ̀ lé e.