Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹnjiníà, èmi ni ayàwòrán. Òun ló ń mú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń ya bí yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe rọ ẹni tó ń lò ó lọ́rùn. Alátíkè ló máa ń pè mí, torí lójú tiẹ̀, àtíkè lásán ni mò ń kùn fún irin.

Òfin kan wà láàárín wa. Ẹni tó bá sún ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ẹnìkejì mú, kó gbé e lé àyè tuntun náà, kí iná tó wọ ẹ̀rọ. Kéèyàn fẹnu sọ ọ́ nìkan kò tó.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ awọ là ń ṣe lọ́wọ́, irin gbọọrọ méjì tó ń yí pọ̀. Òkè ni ẹ̀gbọ́n mi fi bọ́tìnì tó ń pa á sí, téèyàn fi gbọ́dọ̀ na apá kọjá lórí irin kó tó lè tẹ̀ ẹ́. Inú bí mi. Mo sún un sísàlẹ̀, síbi tí òṣìṣẹ́ ń dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ́wọ́ yín wá."

Ó gbá ọwọ́ mi dànù. "Ta ló ní kó o fọwọ́ kan wáyà mi?"

"Irin lè fa apá èèyàn wọlé lókè yẹn!"

"Alátíkè, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́?"

Ó tan iná. Mo sáré dì í mú, ló bá fọ́ mi létí. Mo forí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó gbá mi láyà mú, ó sọ mí lu òdìkejì ẹ̀rọ, níbi tí ọwọ́ mi ò ti lè tó bọ́tìnì. Ọwọ́ ọ̀tún mi, ọwọ́ tí mo fi ń yàwòrán, bọ́ sáàárín irin.

Mo ké. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sókè, ó ń tẹ irin dídán tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Ìsàlẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀!"

Etí rẹ̀ gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́. Òkè náà ló ṣáà ń lù, bí mo ṣe ń gbọ́ tí egungun mi ń fọ́. Ìgbà tó fi máa rí bọ́tìnì, ìka mẹ́ta ti lọ.

Ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́, ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Fi hàn mí," ló wí.

Mo fọ́ ọ létí. Kò yẹra. Mo tún fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìka méjì tó kù ní ọwọ́ ọ̀tún mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e lé bọ́tìnì náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí ó fi bú sẹ́kún.