Orin Ìgbéyàwó Ìbílọlá

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ ni Adéṣínà, tíṣà kan ní Ọ̀kà, wá tọrọ ọmọ wa, Ìbílọlá. Inú ọkọ mi, Olúyọmí, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkàrẹ́, dùn débi pé kò gbọ́ ìpè oúnjẹ mọ́. Ó jókòó ti orin ìgbéyàwó tí yóò fi dùùrù nìkan tẹ̀, láìsí akọrin kankan. Apá mẹ́rin ni: Ìwọlé, Àdúrà, Ẹ̀jẹ́, Ìjáde. Iyán mi á tutù, á gan, kò ní bojú wẹ̀yìn. Mo bínú títí ó fi sú mi.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ tó gbé ọmọ mi bọ̀ láti Ọ̀kà dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú.

Ọkọ mi ní òun ni yóò tẹ dùùrù níbi ìsìnkú. Ògúnsúyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀.

“Olúyọmí, òbí kì í wo pósí ọmọ. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Jókòó sílé.”

Mo mọ̀ pé àṣà ni, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé àwa la pa á.

“Ẹ̀gbọ́n, torí rẹ̀ ni mo ṣe kọ orin yìí. Ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ fún un.”

Níkẹyìn Ògúnsúyì ní kí pósí má wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú tààrà. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi tó lè wọlé lọ tẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo, àwa méjèèjì. Dùùrù àtijọ́ ni, ẹwìrì ló ń fún un ní atẹ́gùn bíi ti alágbẹ̀dẹ. Bí ẹnì kan kò bá fà á, kò ní dún. Èmi ni mo di ọwọ́ ẹwìrì mú.

Ó tẹ Ìwọlé. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó wọlé. Ó tẹ Àdúrà, ó tẹ Ẹ̀jẹ́, omijé ń kán sí i lọ́wọ́, kò nù ún. Mi ò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì bí mi nínú pé ó dùn.

Bó ṣe ṣíwèé dé Ìjáde, mo fi ẹwìrì sílẹ̀.

“Ìyá Ìbí, fà á.”

“Mi ò ní fà á. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ ìyẹn, ọmọ mi ti lọ nìyẹn.”

Ó wò mí. Kò bẹ̀ mí, kò sì jà. Ó kọjú sí dùùrù, ó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí atẹ́gùn. Kò dún. Ìró igi lásán ni mò ń gbọ́, bí ìka rẹ̀ ṣe ń sáré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan pákó ìsàlẹ̀. Kò fo ibì kankan. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ọwọ́ mi kò lọ sí ẹwìrì.

Ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ nígbà tí Ògúnsúyì dé ẹnu ọ̀nà, tó ní wọ́n ti ṣe tán ní itẹ́ òkú, ká máa bọ̀ nílé.