Ẹni Tó Sín Lábẹ́ Iṣu

1.

…ó la ẹnu, imú rẹ̀ ń jó, ó fẹ́ sín, iná sì kú.

Ẹ̀rọ iná ló daṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ìlú Tchaourou pariwo níwájú aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri ibùdó rélùwéè.

2. OHUN TÍ A RÍ

Sinimá ogun. Àwọn ṣójà àjèjì gba ìlú òyìnbó kan. Ẹlẹ́wọ̀n kan sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá àgbẹ̀ kan fi koríko gbígbẹ bò ó. Ṣójà wọlé, ó dúró ti koríko náà gan-an.

3. OHUN TÍ A KÒ RÍ

Bóyá ẹlẹ́wọ̀n náà sín.

4. OHUN TÍ HAWAOU SỌ, TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ BI Í

"Ká ní ilé mi ló sá wá ni, èmi ì bá fi í pamọ́! Kí ṣójà wá mú mi!"

Opó tó ń ta iṣu ni Hawaou; "tata", ìyẹn àǹtí, ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn, ojú rẹ̀ kò sì jìnnà sí omijé.

5. ÌKÉDE

KÀMÁRÁÀDÌ GANIOU, ÀGBẸ̀ ALAFIAROU, TI SÁ NÍ ÀTÌMỌ́LÉ.
Ẹ̀ṢẸ̀ RẸ̀: Ó SÙN NÍ ÌPÀDÉ. NÍGBÀ TÍ A KÉ PÉ "ÌJÀ Ń TẸ̀SÍWÁJÚ!", Ó TA JÍ, Ó NÍ "ÀMÍN". A SÌ TI FÒFIN DE ÀDÚRÀ LẸ́NU IṢẸ́ ÌJỌBA.
ẸNI TÓ BÁ FI Í PAMỌ́ YÓÒ BÁ A WỌ RÉLÙWÉÈ LỌ SẸ́WỌ̀N NÍ PARAKOU.
ÌJÀ Ń TẸ̀SÍWÁJÚ!

(Ẹnì kan ti fi èédú kọ "Àmín" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.)

6.

GANIOU: Tata Hawaou, ẹ kú ilé o.
HAWAOU: Ta nìyẹn?
GANIOU: Èmi tí ẹ ní ẹ máa fi pamọ́.
HAWAOU: Mon Dieu! Sinimá ni mo ń bá wí!
GANIOU: Gbogbo ìlú ló gbọ́, tata. Koríko náà dà?
HAWAOU: Mi ò ní koríko. Iṣu ni mo ní.
GANIOU: Iṣu náà dáa.

7.

Ẹ̀rù ba Hawaou gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó kó iṣu bo Ganiou.

Ebi wá ń pa ẹni tí a bò.

"Tata, ẹ bá mi se èyí tó wà lórí ikùn mi."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti jẹ iṣu orí ikùn, ó ti jẹ ti orúnkún. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta.

8.

(Mo yọ eléyìí. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ Hawaou ni, kò kàn wá.)

9.

Oumarou, ọ̀gá ọlọ́pàá, dé láàárọ̀. Ó fi ọmọọṣẹ́ méjì sẹ́nu ọ̀nà.

OUMAROU: Kàmáráàdì Hawaou!
HAWAOU: Présent!
OUMAROU: Ganiou là ń wá.
HAWAOU: Ganiou wo?
OUMAROU: (ó dúró ti iṣu) Ẹ jọ̀ọ́, tata… ẹlẹ́wọ̀n sinimá yẹn, ṣé ẹ rò pé ó sín?
HAWAOU: Kò sín! Ó pa á mọ́ra!
OUMAROU: Àní mi ò tíì rí oorun sùn látìgbà náà.

Ó mí kanlẹ̀. Ó fi kóńdó gbá iṣu pẹ́pẹ́. Eruku sọ.

10.

Iṣu sín.

11.

Iṣu ní, "Alihamudulilahi."

12.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ Oumarou pé bí ẹni tó sín bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a gbọ́dọ̀ ṣàdúrà fún un. Ẹnu rẹ̀ kò dúró gbàṣẹ.

"Yarihamukalahu," ni kàmáráàdì wí.

Àwọn ọmọọṣẹ́ méjèèjì dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, ketekete:

"Àmín!"

13.

Fèrè rélùwéè dún ní ibùdó. Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò mú ẹnì kejì lọ sí Parakou.