Ẹ̀rù Ṣàríà Wọ Ilé Mùínàt

Ọdún 1988 ni. Àwọn aṣojú tí wọ́n kó jọ sí Àbújá ń tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe kí àwọn ṣọ́jà tó gbé ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì ti há sórí ọ̀rọ̀ kan: ṣé kí ilé ẹjọ́ Ṣàríà wà nínú rẹ̀ ni àbí kó má sí? Rédíò kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ní Èrúwà, Mùínàt á rọra yí ohùn rédíò wọn sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Ọmọ Mùsùlùmí Igbó-Ọrà ni. Kìrìsìtẹ́nì ni Zachariah ọkọ rẹ̀, ará Èkìtì tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Ìbàràpá. Wọ́n ti bí Dúpẹ́ àti Wọlé. Sàláúdéènì, bàbá Mùínàt, kò kọ́kọ́ fẹ́ ìgbéyàwó náà, àmọ́ nígbà tí ọmọ dé, ó gbà.

Láńrewájú, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, ló kó jìnnìjìnnì bá a.

"Ìyá Dúpẹ́, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Bí Ṣàríà bá ti wọnú òfin yẹn, wọn á máa kó àwọn obìnrin Mùsùlùmí kúrò nílé ọkọ tó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Tọmọtọmọ ni o."

Láńrewájú kò lè sọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Síbẹ̀, àyà Mùínàt já. Kò sọ fún Zachariah, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá fẹnu òun sọ ọ́, á di òótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Gàníyù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun alùpùpù dé láti Igbó-Ọrà.

"Bàbá ní kó o máa bọ̀ nílé. Kó àwọn ọmọ dání."

"Kí ló dé, Bọ̀dá?"

"Ṣé èmi ni mo máa bi Bàbá pé kí ló dé? Mò ń lọ ra epo. Múra kí n tó dé."

Mùínàt kò dúró dè é. Ó pọn Wọlé, ó fa Dúpẹ́ lọ́wọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sọ́nà oko tó já sí Lánlátẹ̀, níbi tí Edith, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí àwọn ọmọ náà, ń gbé. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ìró alùpùpù. Ó wọ́ Dúpẹ́ wọnú oko ẹ̀gẹ́, ó fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Àjèjì kan tó di iṣu sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ ló kọjá.

"Màámi, ta là ń sá fún?" Dúpẹ́ bi í.

Mùínàt tún fà á lọ́wọ́. Ṣé kó sọ pé bàbá òun ni?

Nígbà tí Zachariah ti ibi iṣẹ́ dé, ilé òfìfo ló bá. Láńrewájú sọ fún un pé Gàníyù wá pè wọ́n lọ sí Igbó-Ọrà. Zachariah wọ takisí lọ sí Igbó-Ọrà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Sàláúdéènì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìyàwó mi padà fún mi."

Arúgbó náà ta gìrì dìde. "Kò sí lọ́dọ̀ rẹ? Gàníyù ní òun kò bá ẹnì kankan nílé, mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n wà. Wọ́n ní ìjà ẹ̀sìn fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Mo ní kí gbogbo yín wá sábẹ́ òrùlé mi ni, àti ìwọ náà! Gàníyù ò sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

Zachariah ronú kan Edith. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Lánlátẹ̀.

Bí Mùínàt ṣe gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bẹ́ẹ̀dì Edith di ilẹ̀kùn.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín! Ẹ má kó àwọn ọmọ mi lọ!"

Sàláúdéènì fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò mọ̀ pé ọmọ òun lè bẹ̀rù òun tó bẹ́ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Dúpẹ́, èmi náà wà níbí," ni Zachariah wí. "Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó wọn lọ. Ṣílẹ̀kùn."

Ó pẹ́ kó tó ṣí i.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba ológun pàṣẹ kí àwọn aṣojú fi ọ̀rọ̀ Ṣàríà sílẹ̀. Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Èrúwà lemọ́lemọ́, á gbé àgbàdo tútù wá, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Dúpẹ́ bá ti rí i, á kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá a wí.